Orin Tí Màmá Àgbà Rán Níṣẹ́

Bí ẹ bá gbé ìṣòro dé ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà, kò ní kọ́kọ́ gbàdúrà fún yín. Á ní kí ẹ jókòó. Á wo ojú yín dáadáa, á gbé páálí bàtà tó kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí lé ẹsẹ̀, á máa tú u bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, á wá mú ọ̀kan jáde. "Èyí ló bá tìẹ mu," ni yóò wí. Ẹ má rò pé orin ìyìn ni o. Ẹ má sì rò pé jùjú tàbí àpàlà ni. Ọkùnrin ará Japan kan ni, àgbàlagbà tó ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì láti ìgbà èwe rẹ̀, tó máa ń lọgun pẹ̀lú gìtá, tí ohùn rẹ̀ sì ti ha bí ohùn ẹni tó ti pe ọmọ títí tí ọmọ ò dáhùn.

Ìyá bàbá mi ni Màmá Àgbà. Ìkirun ni wọ́n bí i sí, ilé wa ní Oak Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ló dákẹ́ sí ní oṣù tó kọjá. Kò gbọ́ èdè Japan rárá. Gẹ̀ẹ́sì gan-an, "thank you" àti "no problem" nìkan ló mọ̀, ó sì máa ń lò wọ́n níbi tí kò yẹ. Ẹ forí jì mí bí mo ṣe ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n". Nínú ilé, mi ò jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, mo fẹ́ kí ẹ rí ẹnì kan ṣoṣo.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú, mo kà á látòkè délẹ̀, mi ò rí i níbẹ̀. Wọ́n ní ìyá àdúrà ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Oníwà pẹ̀lẹ́ kẹ̀? Màmá Àgbà tí mo mọ̀! Wọn ò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló wá fún ọdún mélòó kan tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀: kó dé ibi tí wọ́n sin àbíkẹ́yìn rẹ̀ sí. Wọn ò kọ ọ́ pé ó ku díẹ̀ kí a fi tìfẹ́tìfẹ́ gbé òkú rẹ̀ jìnnà sí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orin. Kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà ó sọ gbogbo wọn lórúkọ fúnra rẹ̀. "Alágídí" ni èyí tí ìlù rẹ̀ máa ń mi abọ́ nínú ilé ìdáná. Ẹni tí inú ń bí ló máa ń fún ní ìyẹn. "Òjò Ìrọ̀lẹ́" wà fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń yan lódì. "Ẹ Jẹ́ N Sinmi" jẹ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, nọ́ọ̀sì sì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ìlú yìí débi pé kásẹ́ẹ̀tì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù ló pè ní "Ó Dàárọ̀". Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Gìtá kan péré ni, àti ọkùnrin náà tó ń rọra kọ ọ́ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ lọ. Màmá Àgbà kì í fún ẹnikẹ́ni ní "Ó Dàárọ̀". Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tí à ń pè ní Alhaji Rájí, tó ń gbé ní Bolingbrook. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ojú rẹ̀ le koko. Òun àti àkọ́bí rẹ̀ ti jà, ọmọ náà sì ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Màmá Àgbà ti "Alágídí" bọnú ẹ̀rọ.

Alhaji di etí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, noise lèyí! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí highway, ẹ tún fẹ́ dá mi padà síbẹ̀?"

"Rájí, jókòó jẹ́ẹ́. Gbọ́ ọ tán."

Alhaji jókòó. Ta ni kò ní jókòó? Nígbà tí ìlù wọlé, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí wọ́n tún fi í sí i. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé, Bolingbrook sì jìnnà, ó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò ní àlọ àti àbọ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ilé, tó ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì ará Japan, ẹ̀rín sì gba ọmọ náà lẹ́nu, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Báyìí ni ìjà ṣe parí. Alhaji padà wá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà pé orin náà ṣiṣẹ́. Ó wò ó títí. "Orin kì í tún nǹkan ṣe," ó ní. "Ó kàn ń jẹ́ kí ẹni tó ń pariwo dákẹ́ fún ariwo ẹlòmíràn ni."

Bí orin náà ṣe dé ilé wa nìyí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìyá mi bí àbúrò mi, Dàmọ́lá, Màmá Àgbà sì ti Ìkirun wá láti wẹ ọmọ, kò sì padà mọ́. Ẹni tó bá mọ bí ìyá àgbà Yorùbá ṣe ń wẹ ọmọ tuntun á mọ ohun tí mò ń sọ. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé e. Ó fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn bọ́ ara ọmọ, ó ń na apá, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto. Lẹ́yìn náà, ó di apá kan mú, ó gbé ọmọ sókè, ó jù ú, ó sì hán an, kí ó má baà ya ojo. Dàmọ́lá ń ké ní àràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

Obìnrin opó kan, ará Japan, ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Mísíìsì Ìsàlẹ̀ ni à ń pè é. Ó gbọ́ igbe yẹn, ó gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kan ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sáré gòkè, ó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i. Ohun tí ó rí láti ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ìkókó tó rọ̀ ní apá kan, tí omi ń kán tótó lára rẹ̀.

"I almost called the police!" ló ń wí, tó ń gbọ̀n.

"No problem," ni Màmá Àgbà dá a lóhùn. "Thank you."

Ìyá mi ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Please, it's how we bathe them, grandma ọmọ ni." Àfi bí Dàmọ́lá ṣe dákẹ́ wẹ́lo. Mísíìsì Ìsàlẹ̀ ti fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, orin tó ń gbọ́ sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá wa. Màmá Àgbà gbé ìka sókè kí gbogbo wa dákẹ́. Ó fetí sílẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní fún mi, "sọ fún un kó lọ mú ẹni tó ń kọrin yẹn wá."

Láti ọjọ́ náà, orin ni wọ́n fi ń wẹ Dàmọ́lá. Àwọn obìnrin méjèèjì di ọ̀rẹ́ láìgbọ́ èdè ara wọn. Mísíìsì Ìsàlẹ̀ á gbé tíì gòkè, Màmá Àgbà á din dòdò, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n á máa mi orí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Mísíìsì Ìsàlẹ̀ sọ fún mi pé òun ti ń gbọ́ ọkùnrin náà láti ìgbà tí òun wà lọ́mọge, pé ó ti darúgbó báyìí, kò sì dákẹ́. Gbogbo Kérésì ló ń fún Màmá Àgbà ní kásẹ́ẹ̀tì kan, títí páálí bàtà fi kún.

Wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan. Mísíìsì Ìsàlẹ̀ fẹ́ kí n túmọ̀ ohun tí "Ó Dàárọ̀" ń sọ. Mi ò tíì gbọ́ gbólóhùn kan tán tí Màmá Àgbà fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó sì ń mi orí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kíkankíkan. Ó dun obìnrin náà, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ mọ meaning ẹ̀ ni."

"Tó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló máa dà," ó ní. "Báyìí, ọ̀rọ̀ tèmi ni." Dòdò ló fi bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Òun àti bàbá mi ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni. Bàbá mi jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létòlétò, diakoni sì ni. "Màámi, ṣé ẹ ò lè máa gbọ́ hymn ni? Àwọn ará church ń sọ̀rọ̀ o." Màmá Àgbà ń bẹ iṣu lọ, kò gbójú sókè. "Bọ̀dé, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ èdè Japan ni?"

Ẹni tí kò bá a jà rí ni Ọ́ńkù Lánre, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú. Àjàní ni Màmá Àgbà ń pè é. Bó bá ti dé lọ́jọ́ Àìkú, kò ní bọ́ kóòtù, á fa ìyá rẹ̀ dìde, wọ́n á jó "Alágídí" yí tábìlì ká. Bó bá ń lọ, á nawọ́. "Màámi, ẹ fún mi ní 'Ó Dàárọ̀' yẹn."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Nothing. Mo kàn fẹ́ ẹ ni."

"Máa lọ ilé. Kò tíì kàn ọ́."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí.

Ìgbà òtútù ni. Ọ́ńkù Lánre ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, yìnyín ti bo ojú ọ̀nà, mọ́tò rẹ̀ yọ̀. Bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ mọ̀ pé láàárín wa, wọn kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Àwọn àgbà ni wọ́n máa ń kó jọ, wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé ibẹ̀. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fóònù Alhaji, ó fóònù pásítọ̀, ó fóònù Ìyáa Bísí àti àwọn àǹtí yòókù. Gbogbo wọn dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kún pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òtútù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ká ní Ìkirun ni, ìyẹn ò ní mú ẹnikẹ́ni fura. Níbẹ̀, ènìyàn kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà.

Màmá Àgbà jókòó, ọ̀bẹ iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rájí, o ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Mo gba off, Màámi."

"Ìyáa Bísí, ìwọ náà?"

"Wọ́n bá mi ṣe shift mi, mà."

"Pásítọ̀ náà." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọjọ́ Tuesday. Ní Chicago." Bàbá mi ti kọjú sí ògiri. "Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni?"

Igbe tó ké lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n sọ fún un, mi ò ní kọ ọ́. Mi ò lè kọ ọ́.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Èèwọ̀ ni. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un, òun ló fi kọ́ bàbá mi. Ní àárọ̀ ìsìnkú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, Mísíìsì Ìsàlẹ̀ jókòó sílẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí bàbá mi wọlé láti wí fún un pé wọ́n ń lọ, ó na kásẹ́ẹ̀tì kan sí i.

"Bọ̀dé, mi ò lè lọ. Mo mọ̀. Mú èyí dání. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Jẹ́ kó gbọ́ ọ tán kí ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo rán an."

Bàbá mi, diakoni, ẹni tí kì í gbọ́ orin ayé, gbé ẹ̀rọ dání lọ sí ibi oórì nínú yìnyín, ó sì tan orin rọ́ọ̀kì sójú pásítọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá Àgbà bi í. "Ó gbọ́ ọ tán?"

"Ó gbọ́ ọ tán, Màámi."

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá Àgbà kò gbọ́ "Ó Dàárọ̀" mọ́. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti fẹ́ dé ibẹ̀, á sáré dìde, á wọ́ ọ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá béèrè, ìdáhùn kan náà ni. "Mo rán an níṣẹ́. Kò tíì dé."

Ó ń bi bàbá mi, nígbà mìíràn lórí oúnjẹ, bí ẹni béèrè iyọ̀. "Ibo lẹ gbé Àjàní sí?" Bàbá mi á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀." Ẹ̀rù ń bà á. Ó gbà pé bí ìyá òun bá fi ojú kan ibẹ̀, òun á sin ẹlòmíràn láìpẹ́. Ohun tó wá ṣòro ni pé ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa kọjá lẹ́nu géètì itẹ́ òkú náà gan-an. Bàbá mi bá pa ọ̀nà yẹn tì. Ní ìkóríta tó yẹ kí ó yà sí òsì, ọ̀tún ló ń yà. À ń gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, à ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, a máa ń dé nígbà tí wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́ tán. Bàbá mi tí kì í pẹ́ dé ibì kankan! Ó ní wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe. Ọ̀nà wo ni wọ́n ń tún ṣe fún ọdún bíi mélòó?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, èmi àti Màmá Àgbà wà lẹ́yìn mọ́tò. Bí bàbá mi ṣe yà sí ọ̀tún, Màmá Àgbà fi ẹnu sí mi létí.

"Àbẹ̀kẹ́, ọ̀nà tí bàbá rẹ kì í gbà, ibẹ̀ ni Àjàní mi wà."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún un. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Jẹ́ kó máa ràn mí lọ́wọ́." Ó wo òde títí a fi kọjá ojú irin, ó tún wá sún mọ́ mi. "Ìgbà tí mo bá kú ni kó o sọ ọ́. Òkú ò léèwọ̀. Kí wọ́n gbé mi gba ibẹ̀."

Ó kú ní ọ̀sán, lórí àga rẹ̀, páálí bàtà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà tún kó jọ, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tí wọ́n ń pa á mọ́ fún. Bàbá mi ní Ìkirun ni wọ́n máa gbé e lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ìyá mi ò ní sùn sínú snow." Gbogbo wọn ní ó dáa. Alhaji ní, "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bọ̀dé, sin ìyá ẹ dáadáa." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Òun ló jẹ́ kí ó ṣòro fún mi láti sọ̀rọ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, Màmá mọ̀."

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Wọ́n mọ ọ̀nà tí ẹ kì í gbà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Ọ́ńkù Lánre wà. Wọ́n ní òkú ò léèwọ̀, kí ẹ gbé àwọn gba ibẹ̀."

Bàbá mi ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"Gbogbo yíyí tí mò ń yí ká yẹn…" ó ní. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ máa ran àwọn lọ́wọ́."

Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí, kódà nígbà ti Ọ́ńkù Lánre. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé, Alhaji sì gbá a mọ́ra. Nígbà tó nu ojú tán, kò sọ ọ̀rọ̀ Ìkirun mọ́.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ òkú ló ṣíwájú, mọ́tò bàbá mi tẹ̀ lé e. Èmi ni mo jókòó níwájú, páálí bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí a dé ìkóríta, ọkọ̀ òkú yà sí òsì. Bàbá mi dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè. Ó na ọwọ́ sí mi láìwò mí, mo sì mọ èyí tó ń béèrè. Ó tì í bọlé ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gìtá kan péré bẹ̀rẹ̀, orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nínú ilé wa láti ọjọ́ ìsìnkú Ọ́ńkù Lánre. Ó yà sí òsì. Ó yí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó sì gbé ohùn ẹ̀rọ sókè dé òpin, ó ń wo ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ̀ tó ń wọ géètì lọ.

"Màámi," ó ní, "ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ ti dé."